Ọdún Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n Hannah ní Holmescar

Geelong, Australia
Ọjọ́ kejìlá oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, 1967

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fọwọ́ dáadáa kí n tó mú bébà yìí, torí mo mọ̀ pé bí ìlà tíì bá wà lára rẹ̀, òun lẹ ó kọ́kọ́ dáhùn kí ẹ tó dáhùn ọ̀rọ̀ mi. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn? Ṣé Ìyáàfin Riley ṣì ń ka iye ọjọ́ tí oníkálukú lò láì fọ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ níbí. Trevor wà dáadáa, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kí yín.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dùn lẹ́nu mi. Lynette ṣubú ní ilé ìwé. Kì í ṣe ìṣubú ọmọdé. Ó dúró lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ yí sókè, ó lulẹ̀ gbì, tọwọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó jí, kò mọ ibi tó wà, ó sì ti tọ̀ sára lójú gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láti oṣù kẹfà. N kò sọ ti méjì àkọ́kọ́ fún yín torí mo rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀.

Dókítà ní wárápá ni. Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí wa tí irú rẹ̀ ṣe rí. Ó ní oríṣiríṣi ló wà, àwọn kan a máa rìn nínú ẹbí, àti pé bí òun bá mọ èyí tó jẹ́, òun ò ní máa dán oògùn wò lára ọmọ náà bí ẹni ń fọwọ́ tá ilẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìyá Trevor búra pé kò sí lọ́dọ̀ tàwọn. Ó tún mú fọ́ọ̀mù kan wá, ti ilé kan lórí òkè níbi tí wọ́n ń kó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń kàwé, ìgbà ìsinmi nìkan ni wọ́n ń wálé. Ó ní, "Eunice, má fi ìfẹ́ ba ayé ọmọ yìí jẹ́." Trevor ti ń gbà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Fẹ́búárì ni fọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ wọlé. N kò fẹ́ kí Lynette lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní ohun tí mo lè fi bá wọn jiyàn.

Ẹ ti sọ ọ́ rí pé ìyá yín, Hannah, kú nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Kí ló pa á gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Eunice


Aldersyke, Lancashire
Ọjọ́ kejì oṣù Òkítóbà, 1967

Eunice ọmọ mi,

Lẹ́tà ẹ dé, kò sì sí tíì lára rẹ̀, o ṣé. Orúnkún mi kò gbọ́ràn, kò sì ní gbọ́ràn mọ́. Ọdún márùndínlógójì nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ kì í fi orúnkún sílẹ̀ bó ṣe bá a. Ìyáàfin Riley ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn ara rẹ̀ níbi tó ti ń wo tèmi. Mo gbé ọbẹ̀ lọ fún un, mi ò sì rẹ́rìn-ín títí mo fi délé.

Nípa Lynette, má jẹ́ kí dókítà kankan dẹ́rù bà ẹ́. Gìrì lásán ni. Ọmọdé tó ń dàgbà kíákíá máa ń ní in, pàápàá nínú oòrùn irú ibi tí ẹ kó ọmọ lọ yẹn. Bu omi ẹran màlúù fún un láàárọ̀, má jẹ́ kó fi irun tútù sùn, má sì jẹ́ kó máa kàwé púpọ̀. Kò sí wárápá nínú ẹbí wa. Sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, kí o sì rí i pé kò kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé kankan, torí ohun tí wọ́n bá kọ kì í parẹ́. Bí àwọn ará àdúgbò bá béèrè, sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni kò tó lára rẹ̀. Ìyẹn ò dójú ti ẹnikẹ́ni.

Ilé orí òkè tí ìyá Trevor sọ, n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tó bá mọ́, tí oúnjẹ ibẹ̀ sì dára, má tètè kọ̀ ọ́. Ọmọ tí ojú ò bá rí kò sẹ́ni tó máa fi í ṣẹ̀sín.

Ìyá mi kú nítorí àyà rẹ̀. Ọdún 1924. Mo ti sọ ọ́ fún ẹ, orúkọ rẹ̀ sì wà lára òkúta sàréè Bàbá mi, o ti bá mi fi òdòdó síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé Ọdún Àjíǹde ju bó o ṣe lè kà lọ. N kò mọ ìdí tó o fi ń hú òkú.

Mo ń hun ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ náà. Fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́.

Ìyá ẹ,
Rhoda Tattersall


Geelong
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Nòfẹ́ńbà, 1967

Màmá mi,

Mo kí yín, mo kí orúnkún, mo kí Ìyáàfin Riley. Ẹsẹ̀ Lynette gùn tó ínǹṣì méje àti díẹ̀.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo sọ fún ilé ìwé pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, mo sì mú un kúrò títí ọdún ó fi parí. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá kan ilẹ̀kùn, mo ń sọ pé ó ń sùn. Lánàá ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n lọ, ó bi mí pé, "Mọ́mì, ta ló ń sùn?"

Ṣùgbọ́n mo ṣe ohun kan tí ẹ ò ní kí n ṣe. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba ní London tó ń tọ́jú ìwé ìbí àti ikú. Mo fẹ́ kí dókítà fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó pa Hannah, kí ìyá Trevor lè dákẹ́. Wọ́n fèsì. Wọ́n wá 1923, 1924 àti 1925. Kò sí Hannah Duckworth kankan láti Aldersyke tó kú nínú ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní bóyá ọjọ́ tí mo kọ ni kò tọ̀nà. Mo wo fọ́tò òkúta náà tí mo gbé wá síhìn-ín. 1924 ló wà níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ jinlẹ̀.

Mo ti ní kí wọ́n wá àwọn ọdún yòókù. Mo mọ̀ pé àlàyé kan máa wà. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kì í ṣe akọ̀wé London.

Eunice


Geelong
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Dísẹ́ńbà, 1967

Màmá,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Páálí yín dé: kéèkì Kérésìmesì, ìbọ̀sẹ̀ méjì, kò sí lẹ́tà. Mo yí inú ìbọ̀sẹ̀ náà sóde, mo tú bébà kéèkì, mo rò pé bóyá ó há sí ibì kan. Lynette wọ ìbọ̀sẹ̀ náà sùn. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì sí i, ọ̀kan nínú ilé ìwẹ̀, ó sì fọ́ eyín kan.

London ti rí i. Hannah Duckworth, opó Walter Duckworth, ahunṣọ, ará Aldersyke. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá, 1953. Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá ní 1953, Màmá. Kọ́lọ́nì Holmescar ló kú sí. Èmi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, dókítà ló ṣàlàyé fún mi: oko ńlá kan tí wọ́n kó àwọn tó ní wárápá sí láyé ọjọ́un, tí wọ́n ń dáko níbẹ̀, tí wọ́n ń fọ aṣọ, tí wọn kì í sì í jáde. Mo wo máàpù. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ilé yín ju máìlì mẹ́rìnlá lọ.

Mo kọ̀wé sí wọn. Akọ̀wé wọn jẹ́ èèyàn dáadáa, ó fọwọ́ kọ ọ́ jáde fún mi láti inú ìwé àtijọ́. Wọ́n mú un wọlé ní oṣù Kẹta, 1924. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló lò. Inú ilé ìfọṣọ ló ti ṣiṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé ara rẹ̀ balẹ̀, ó máa ń ran àwọn tuntun lọ́wọ́, ó sì máa ń ṣubú bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Lábẹ́ ibi tí wọ́n ń kọ àlejò sí, ìlà kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. "Oṣù Kẹta, 1938. Ọmọ rẹ̀ obìnrin."

Ẹ ò ní àbúrò, ẹ ò ní ẹ̀gbọ́n.

Mo bi yín nípa ọmọ mi tó ń fọ́ eyín sí etí agbada ìwẹ̀, ẹ ní kí n fún un lómi ẹran. Ẹ ní kí n má tètè kọ fọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ mọ irú ibi tí ẹ ní kí n rán an lọ, ẹ ti dé irú ibẹ̀ rí, ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ilé ìsinmi etí òkun. Inú ń bí mi sí yín. Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì. Trevor ti fọwọ́ sí i. Èmi ló kù.

Eunice


Aldersyke
Ọjọ́ kejì oṣù Jánúárì, 1968

Eunice,

Má fọwọ́ sí i.

Mo kọ ìyẹn ṣáájú kí n tó kí ẹ, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni mo lè má débẹ̀. Ẹ kú ọdún tuntun, ìwọ àti Trevor àti ọmọ. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo kọ láti oṣù kọkànlá, iná ilé ìdáná ló ka gbogbo wọn.

Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Àwọn kan wá sílé wa, ẹ̀gbọ́n Bàbá mi, Àǹtí Zillah, sì mú mi lọ sí Morecambe, ìlú etí òkun, fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ra súìtì fún mi lójoojúmọ́, mo sì rò pé ọdún ni. Nígbà tí a padà, wọ́n ti fa kọ́tìnnì gbogbo ilé, wọ́n sì ní ìyá mi ti kú, wọ́n ti sin ín. Wọ́n ti tẹ káàdì ọ̀fọ̀ tó ní etí dúdú, wọ́n pín in kiri òpópónà wa. Kò sí ilé tí kò ní ọ̀kan. Mo gbà á gbọ́, kí ni kí ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe? Mo rántí pé ó máa ń ṣubú. Mo rántí pé Bàbá máa ń tì mí sínú yàrá kejì.

Ní 1938, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó mi, Bàbá pè mí sí ẹ̀yìn ilé níbi tó ń tọ́jú ẹyẹlé. Ó ní, "Rhoda, ìyá ẹ wà láyé, ní Holmescar. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì lẹ́yìn tó o bá ti wọlé ọkọ." Lẹ́yìn náà ó padà sídìí ẹyẹlé rẹ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ ní ọjọ́ kejì. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ra ọsàn mẹ́fà.

Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ẹbí wọlé, torí náà mo sọ fún ẹni tó jókòó lẹ́nu géètì pé èmi ni ọmọ rẹ̀, ó sì kọ ọ́. Wọ́n mú un wá bá mi nínú yàrá kan tó ń rùn bí ọṣẹ. Irun rẹ̀ ti funfun, ọmọ ọdún méjìlélógójì ni. Omi ìfọṣọ ti jẹ ìka ọwọ́ rẹ̀. Mo gbé ọsàn náà fún un, mo sì sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló rán mi, pé a ń bẹ àwọn aláìsàn wò. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Mo ti pinnu nínú bọ́ọ̀sì pé màá pè é ní Màmá.

Ó dúpẹ́. Orí rẹ̀ pé ju ti pásítọ̀ wa lọ. Ó béèrè bóyá ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ti ìsàlẹ̀ odò ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ṣé o mọ àwọn Duckworth, Walter Duckworth àti ọmọ rẹ̀?" Mo ní, "Rárá mà, mi ò mọ̀ wọ́n." Mo dìde, mo lọ. Ó parí síbẹ̀.

Wọ́n ti kéde ìgbéyàwó èmi àti Harold, bàbá ẹ, lẹ́ẹ̀mejì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ku ẹ̀ẹ̀kan. O ò mọ ìyá Harold. Ká ní ó gbọ́ wárápá, ì bá jí àwọn tí wọ́n ti sin dìde láti wá kọ ìgbéyàwó náà. Harold kú láìmọ̀. Nígbà tí mo lóyún ẹ, mo ń ka ìka ọwọ́ ẹ lọ́kàn mi kí n tó bí ẹ. Gbogbo ìgbà tó o bá ṣubú bí ọmọdé ṣe ń ṣubú, ọkàn mi á kọ́kọ́ já. Ìgbà gbogbo lò ń béèrè ìdí tí o ò fi ní àbúrò. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Mo bẹ̀rù láti ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Kí n sì sọ èyí tó burú jù fún ẹ kí o má bàa tún lọ kọ̀wé sí London. Bàbá kú ní 1941. Èmi ni mo lọ bá ọkùnrin tó ń gbẹ́ òkúta sàréè, èmi ni mo ní kó kọ orúkọ ìyá mi sábẹ́ tirẹ̀, kó sì kọ 1924. Ìyá mi ń fọ aṣọ ní Holmescar lọ́jọ́ náà. Káàdì ti wà nílé gbogbo èèyàn, bí mo bá fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, wọn ó béèrè. Lọ́dọọdún mo ń mú ẹ lọ fi òdòdó síbẹ̀, nítorí gbogbo ìlú ló ń wo sàréè ẹni tí kò ní òdòdó. Nígbà tó kú lóòótọ́, wọ́n kọ̀wé sí mi. Mo fi lẹ́tà náà sínú iná.

Sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Jẹ́ kó kọ ọ́. Má gbé ọmọ náà lọ síbi tí wàá ti máa sọ pé o ò mọ̀ ọ́n.

Rhoda


Geelong
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Jánúárì, 1968

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. N kò lè sọ pé inú mi ti rọ̀. Mo sunkún lórí Hannah, mo sunkún lórí yín, lẹ́yìn náà mo tún bínú, mo sì fọ abọ́ kan tí kò ṣẹ̀ mí.

Trevor ka lẹ́tà yín fúnra rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní, "Máìlì mẹ́rìnlá péré." Ilé orí òkè yẹn jìnnà tó ogójì máìlì sí wa. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó dá fọ́ọ̀mù náà padà fún un láìkọ orúkọ mi sí i. Ìyá náà ní, "Ẹ ó kábàámọ̀." Trevor ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n inú ilé wa la ó ti kábàámọ̀." Kò tíì padà wá láti ìgbà náà, ilé sì tutù díẹ̀ fún wa.

Dókítà kọ ti Hannah sílẹ̀, ó sì pààrọ̀ oògùn. Oorun ń kun Lynette, ṣùgbọ́n ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ṣubú gbẹ̀yìn. N kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá, mo ń bá yín wí nípa irọ́, èmi náà sì ti ń pa á fún oṣù mẹ́ta. Kò pẹ́ rárá kó tó mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tó yá, mi ò ní láti ronú mọ́ kí n tó sọ pé ó ń sùn. Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé nílé rẹ̀. Mo sọ wárápá fún un, mo pe orúkọ rẹ̀ pé pérépéré. Ó ní, "Kọ ohun tí a ó ṣe bó bá ṣubú sórí ìwé, kí n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù." Ọjọ́ kẹfà oṣù Fẹ́búárì ló ń padà.

Ó ku ohun kan. Lynette gbọ́ wa níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀. Ó ń béèrè lójoojúmọ́: "Ta ni ẹnìkejì tó ń ṣubú bíi tèmi?" N kò ní bá yín sọ ọ́ fún un. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ọ́ sí i fúnra yín, ẹ má sì parọ́ fún un.

Eunice


Aldersyke
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Fẹ́búárì, 1968

Lynette ọmọ ọmọ mi,

Ìyá ìyá ẹ ni èmi, ẹni tó ń hun ìbọ̀sẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lókèèrè, ṣé ò ń jẹun? Mo gbọ́ pé o ti padà sí ilé ìwé. Mo gbọ́ pé o ṣubú lọ́jọ́ kẹta, pé ọ̀rẹ́ ẹ kan ká aṣọ òtútù rẹ̀ sábẹ́ orí ẹ. Bá mi kí ọ̀rẹ́ náà.

Ò ń béèrè ẹni tó ń ṣubú bíi tìẹ. Hannah lorúkọ rẹ̀. Ìyá mi ni. Ó ga, ó lè rẹ́rìn-ín tí gbogbo ilé á gbọ́, ó sì máa ń ṣubú. Wọ́n mú un lọ sí ibi kan torí pé ojú ń tì wọ́n, ojú sì ń ti èmi náà nígbà tí mo dàgbà. Òun kọ́ ló ṣe ohun ìtìjú. Mo lọ sí ibi tí wọ́n sin ín sí lọ́jọ́ Sátidé. Ìyáàfin Riley bá mi lọ, mo ti sọ fún un. Ó ní, "Rhoda, gbogbo wa la mọ̀ nígbà yẹn." Gbogbo òpópónà mọ̀, wọ́n gba káàdì, wọ́n sì dákẹ́.

Mo rí ìyá mi lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn tí wọ́n mú un lọ. Mo díbọ́n pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún ìyá ẹ pé mo dìde, mo lọ, ó sì parí síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀.

O ò tíì rí ibi tí a ti ń hunṣọ rí. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ pọ̀ débi pé o lè pariwo sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ kó má gbọ́. Torí náà ètè la fi ń sọ̀rọ̀. A máa ń ya ẹnu wa dáadáa lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láì gbé ohùn jáde, ẹni tó wà lápá kejì á sì gbọ́ ọ pẹ̀lú ojú. Gbogbo obìnrin Aldersyke ló mọ̀ ọ́n. Hannah ti hunṣọ kí wọ́n tó mú un lọ, èmi náà sì ti ń hunṣọ láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Nígbà tí mo dé àárín àgbàlá, mo bojú wẹ̀yìn. Ó dúró lẹ́yìn fèrèsé, irú èyí tí kì í ṣí. Òjò ń ṣẹ́. Ó fi ètè sọ fún mi pé, "Rhoda, de bọ́tìnì kóòtù ẹ. Òtútù wà."

Mi ò sọ orúkọ mi fún un ní gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó níwájú rẹ̀. Kò sí ẹlòmíì nínú àgbàlá yẹn tó lè mọ ohun tó sọ. Mo lè fi ètè dá a lóhùn, ẹ̀ṣọ́ kò ní gbọ́, Harold kò ní gbọ́, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ láéláé. Mo de bọ́tìnì mi, mo sì jáde.

Rhoda, ọmọ Hannah